Ta ló ní ẹni tó bá ti tóbi ló yẹ níwájú?

Olóòtú wa, ọ̀kún o. Bá a ṣe ń kíra wa lápá ibí nìyẹn, kẹ́ ẹ má lọ rò pé ọ̀rọ̀ òkun àti ọ̀sà ni mo fẹ́ sọ. Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Tíṣà eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, àfìgbà tí ọmọ àbúrò mi tó wà ní Houston bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí ṣóńṣó lórí ṣóńṣó nídìí bí ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré yẹn. Mo kọ́kọ́ ń bínú sí i pé ó ń fi dátà mi ṣòfò. Ní báyìí èmi gan-an ni mò ń pè é pé fídíò tọ̀sẹ̀ yìí dà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde lóṣù tó kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí gbogbo òbí tó bá bí ọmọ tó ga tó sì sanra tètè máa mú un lọ síbi bọ́ọ̀lù yìí, pé tó bá ṣáà ti tóbi, iwájú dìfẹ́ńsì ni wọ́n máa fi í sí, kò ní ju kó dúró bí ògiri lọ, owó á sì máa wọlé. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ pé ire ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n jàre, ẹ jẹ́ kí n bá a jà díẹ̀, torí èmi náà ti ṣe àṣìṣe yẹn rí, mo sì máa sọ bó ṣe jẹ́.

Àwọn tó ń ṣe dìfẹ́ńsì, ìyẹn àwọn tó ń dí ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù lọ́nà, jẹ́ mọ́kànlá. Àwọn tó wà níwájú pátápátá, tí wọ́n máa ń lóṣòó tí wọ́n á fọwọ́ tẹ ilẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, àwọn là ń sọ. Àwọn géńdé márùn-ún látinú ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù ló kojú wọn: ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn wà láàárín, wọ́n ń pè é ní center, guard kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tackle kọ̀ọ̀kan tún wà lẹ́yìn àwọn yẹn níta. Àlàfo tó wà láàárín wọn lórúkọ. Àlàfo A wà láàárín center àti guard, B wà láàárín guard àti tackle, C wà níta tackle. Ibi àlàfo yìí gan-an lẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ń wá tó fẹ́ gbà yọ. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èyí, ọ̀rọ̀ tó kù ò le mọ́: ṣé àlàfo kan lẹ ní kí ọmọ yín ṣọ́ ni àbí méjì? Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, kó tó béèrè pé kílò mélòó ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọdẹ ọ̀yà ṣàlàyé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí pápá bá ti gbẹ dáadáa, tá a bá ti ṣáná sí i, gbogbo èèyàn kọ́ ló ń wọ inú rẹ̀. Àwọn kan á wọlé tajátajá, wọ́n á máa fi igi na koríko, wọ́n á máa pariwo, àwọn yẹn gbọ́dọ̀ yára, bí ọ̀yà bá ti yọ báyìí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn kan á sì dúró sójú ọ̀nà tó ń jáde tàwọn ti kùmọ̀ wọn, wọn ò ní kúrò níbẹ̀, kódà bí ariwo bá sọ lápá ọ̀tún wọn ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, torí apá òsì lẹran yẹn lè gbà yọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbá mi létí gbòà torí mo fi ojú ọ̀nà tí wọ́n fi mí sí sílẹ̀ mo sáré tẹ̀ lé ajá, ọ̀yà sì gba ibi tí mo kúrò kọjá, ó sanra o, títí di òní mo ṣì ń rí ìdí rẹ̀ bó ṣe ń wọgbó lọ.

Ẹni tó wọ inú pápá yẹn lẹni tí wọ́n fún ní àlàfo kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ti mì báyìí kó ti wọlé sọ́hùn-ún kó lọ da nǹkan rú. Ẹni tó dúró sójú ọ̀nà lẹni tí wọ́n fún ní àlàfo méjì. Á fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹni tó kojú rẹ̀ mú láyà, á tì í dúró, á máa wò ó pé ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù ń gbà ni àbí òsì, ìgbà tó bá rí i ló máa já ẹni yẹn dànù tá á sì dì mọ́ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ẹni yìí le, ó ń roni lẹ́yìn, òkìkí ò sì sí níbẹ̀.

Ẹ wo Vince Wilfork. Ẹgbẹ́ Patriots mú un lọ́dún 2004 nígbà táwọn ẹgbẹ́ ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, òun ni nọ́ńbà 21 nínú gbogbo àwọn tí wọ́n mú lọ́dún yẹn, pọ́ùn 325 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ìyẹn sún mọ́ kílò 147, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta ku díẹ̀. Nose tackle ni, ojú center gan-an ló ń dúró sí, èèyàn méjì ló sì sábà máa ń rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́tàlá ló fi gbá bọ́ọ̀lù, sack mẹ́rìndínlógún péré ló ní, ìyẹn ni pé kó gbé quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù síwájú fún ẹgbẹ́ kejì, ṣánlẹ̀ kó tó jù ú. Ẹ wá wo Warren Sapp ti ẹgbẹ́ Buccaneers, ọdún mẹ́tàlá lòun náà gbá bọ́ọ̀lù, ó ní sack 96 àti ààbọ̀, nínú ọdún 2000 nìkan ó ní 16 àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé ohun tí Sapp kó lọ́dún kan ju ohun tí Wilfork kó ní gbogbo ayé rẹ̀ lọ! Ẹni tí ò mọ̀ á ní ọ̀lẹ ni Wilfork. Ọ̀lẹ kẹ̀? Super Bowl, ìyẹn ife àṣekágbá wọn, méjì ló gbà. Èjìká ìta guard ni Sapp ń dúró sí, àlàfo B nìkan ni wọ́n fún un, wọ́n ní kó máa já wọlé lọ. Wilfork ní tiẹ̀ ń di ilé mú káwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ráyè sáré. Ẹ gbé àwọn méjèèjì pààrọ̀ ipò, ẹgbẹ́ méjèèjì á tú ká.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ṣòro, pé tí ẹgbẹ́ bá ń fi ẹni mẹ́rin síwájú tí linebacker mẹ́ta wà lẹ́yìn wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní 4-3, àlàfo kọ̀ọ̀kan ni, tó bá sì jẹ́ 3-4, àlàfo méjìméjì ni. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà o. Kóòṣì kan tó ń jẹ́ Wade Phillips máa ń fi ẹni mẹ́ta síwájú àmọ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan ló ń fún wọn, kí wọ́n ṣáà máa já wọlé. Abẹ́ rẹ̀ ni Aaron Donald wà ní ẹgbẹ́ Rams nígbà tí wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù dìfẹ́ńsì tó dáa jù lọ lọ́dún 2017 àti 2018, ó tún gba ti 2020 lẹ́yìn tí Wade ti lọ. Donald yìí, tí wọ́n bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, wọn ò bá má mú un, torí kò ga, kò sì wúwo tó báwọn tó kù ṣe wúwo láàárín, nọ́ńbà 13 ni wọ́n mú un lọ́dún 2014. Bàbá Wade yẹn, Bum Phillips, ni wọ́n sì máa ń sọ pé ó wà lára àwọn tó ṣètò nọ́ńbà tí gbogbo kóòṣì fi ń júwe ibi tí èèyàn á dúró sí, 0 kojú center, 1 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, 3 wà ní èjìká ìta guard, 5 wà ní èjìká ìta tackle. Mo kọ nọ́ńbà yẹn sára ògiri pálọ̀ mi, ìyàwó mi ní ó dà bíi pé lọ́tìrì ni mò ń ta.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn tí mo ti kà ni ti Albert Haynesworth. Nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Titans, já wọlé lọ ni wọ́n ń sọ fún un, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró, lọ́dún 2007 àti 2008 ó wà lára àwọn tí wọ́n kà sí ọ̀gá pátápátá. Ẹgbẹ́ Washington wá gbé owó kalẹ̀ fún un lọ́dún 2009, àdéhùn ọdún méje, mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún dọ́là, mílíọ̀nù 41 nínú rẹ̀ sì dájú pé ọwọ́ rẹ̀ ló máa bọ́ sí. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, kóòṣì tuntun dé, ó ní 3-4 làwọn fẹ́ máa gbá, kí Haynesworth wá dúró ságbedeméjì kó máa di ojú ọ̀nà mú. Ó ní òun ò ṣe. Ìjà dé, wọ́n dá a dúró kí sáà tó parí, nígbà tó máa di 2011 wọ́n ti fi í ṣọwọ́ sí ẹgbẹ́ míì. Ọ̀pọ̀ èèyàn bú u pé olójú kòkòrò ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀, èmi ò gbèjà rẹ̀, ó kúkú ti gba owó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ajá ọdẹ ní irú owó yẹn tẹ́ ẹ wá so ó mọ́ ẹnu géètì, tí kò wá gbó, ta lẹ fẹ́ bú?

Mo ní mo ti ṣe irú ẹ̀ ná. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kó àwọn ọmọkùnrin kan jọ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan níbí, mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní, fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí mo gé la fi ṣe páàdì, a kì í fi orí kan orí torí kò sí ìbòrí, títì la sábà máa ń kọ́. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń já iṣu ní mọ́tò lọ́jà, ó tóbi, ọrùn rẹ̀ bí ìdí ọ̀pẹ. Mo wò ó, mo ní Warren Sapp mi rèé. Mo fi í sí èjìká ìta guard, mo ní bí bọ́ọ̀lù bá ti mì kó já wọlé. Kí ó tó gbé ìdí nílẹ̀ bọ́ọ̀lù ti kọjá lára rẹ̀, á wá yíjú padà á máa wò mí bíi pé èmi ni mo fi bọ́ọ̀lù pa mọ́. Láàárín, mo fi ọmọ kan tó ń gun ọ̀kadà síbẹ̀, tóun tín-ín-rín àmọ́ tí ara rẹ̀ le, èrò mi ni pé ó lákíkanjú. Àwọn méjì rọ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tì í títí tó fi jẹ́ pé bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan ló ṣẹ́ kù síbi tó dúró sí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ nínú mi pé ẹ̀bi mi ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ o, agídí.

Ìgbà tó yá ni mo wá ń dán wọn wò kí n tó fi wọ́n síbì kankan. Èyí àkọ́kọ́ rọrùn, bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì ni mo máa ń mú dání ní gíga èjìká, màá dúró bí ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí wọn, bí mo bá ti jù ú sílẹ̀ kí wọ́n sáré wá mú un kó tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ọlọ́kadà mú un nígbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọmọ oníṣu ò mú ẹyọ kan. Ìkejì, mo ní kí ẹnì kan dojú kọ wọ́n, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í láyà kí wọ́n na apá tán, kí wọ́n sì máa wo èmi tí mo wà lẹ́yìn onítọ̀hún, tí mo bá ti nawọ́ síbì kan kí wọ́n já a dànù kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ. Olóòtú, ọmọ oníṣu dúró níbẹ̀ bí òkúta Olúmọ, kò mì, mo nawọ́ sọ́tùn-ún, ó gbé ẹni yẹn sọnù sósì bíi pé iṣu ló ń já. Apá rẹ̀ gùn, n ò tiẹ̀ kíyè sí i tẹ́lẹ̀. Apá gígùn yìí ṣe pàtàkì fún àwọn tó ń ṣọ́ àlàfo méjì, torí tí ẹni tó kojú ẹ bá fi lè sún mọ́ àyà ẹ, ó ti gbá ẹ mú nìyẹn, o ò rí nǹkan kan mọ́.

Mo bá gbé wọn pààrọ̀. Ọmọ oníṣu bọ́ sáàárín, ọlọ́kadà bọ́ síta pátápátá ní èjìká tackle. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó gba àárín kọjá mọ́. Àmọ́ wàhálà míì dé, ìyá ọmọ oníṣu yọ sí pápá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tòun ti igbá gààrí lórí.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, kí lọmọ mi ṣe fún yín?”

Mo ní, “Màmá, kò ṣe nǹkan kan o.”

“Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá, òun ni méjì méjì ń rọ́ lù. Àwọn yòókù ń sáré, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, tèmi ń jẹ ìyà.”

“Òun lòpó ilé, Màmá. Tó bá yẹ̀ báyìí gbogbo ilé wó.”

Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Òpó kì í jẹun, Tíṣà. Èyí ń jẹ.”

Kí ni kí n sọ? Òótọ́ ló sọ. Ibi tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ò tiẹ̀ dé nìyẹn, pé kì í ṣe ara nìkan lèèyàn ń wò, ọkàn wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa pariwo orúkọ òun kò gbọ́dọ̀ di nose tackle, bó wù kó tóbi tó, á sá kúrò lójú ọ̀nà lọ tẹ̀ lé ajá bíi tèmi ọjọ́sí. Ọmọ oníṣu yẹn ní tiẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá yìn ín ó máa ń wolẹ̀ ni. Ní báyìí, bí ọlọ́kadà bá ti mú quarterback wa, mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ bọ ọmọ oníṣu lọ́wọ́ kó tó fò sókè. Ìyá rẹ̀ ti rí i lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó fún mi ní gààrí kóńgò kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò sọ pé ìwọ̀n ò wúlò o. Àwọn ọmọ wa náà wà ńbẹ̀, àwọn tó ń jórúkọ Yorùbá. Adewale Ogunleye, kò sẹ́gbẹ́ tó mú un lọ́dún 2000, nígbà tó di 2003 ó ní sack mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún Dolphins, kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo AFC, ìyẹn ìdajì àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní líìgì NFL wọn. Adetomiwa Adebawore, lọ́dún 2023 ó gbé pọ́ùn 282 sáré 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú àáyá 4.49, ẹnu ya gbogbo èèyàn, síbẹ̀ ìpele kẹrin ni ẹgbẹ́ Colts tó mú un, nọ́ńbà 110. Kí ló fà á? Lójú tèmi, wọ́n ń bi ara wọn pé ibo gan-an la máa fi í sí, ó wúwo fún ìta, ó sì fúyẹ́ fún àárín. Tó bá jẹ́ pé kìkì ara là ń wò ni, wọn ì bá ti jà sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Colts yìí kan náà, nígbà tí wọ́n kúrò ní 4-3 lọ́dún 2012, wọ́n ní kí Dwight Freeney àti Robert Mathis tó ti ń fọwọ́ tẹlẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ dìde dúró kí wọ́n di linebacker. Mathis tó fúyẹ́ nínú wọn ló bá a mu jù, lọ́dún kejì ẹ̀ ó ní sack 19 àti ààbọ̀, òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo NFL.

Nígbà tí àwọn tó wà níwájú bá sì bá iṣẹ́ mu, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní Super Bowl ti February 2008, Patriots ti gbá méjìdínlógún wọn ò pàdánù ẹyọ kan, ẹgbẹ́ Giants kó àwọn asáré tí ipò wọn jẹ́ ìta jọ síwájú, wọ́n tiẹ̀ sún Justin Tuck wọ àárín kó lè bá àwọn guard tó wúwo sá eré tí wọn ò lè sá, Osi Umenyiora tó jẹ́ ọmọ Igbo wà ńbẹ̀, wọ́n gbé Brady tó jẹ́ quarterback Patriots ṣánlẹ̀ nígbà márùn-ún, 17 sí 14 ni wọ́n fi nà wọ́n. Ní ti February 2025, ẹgbẹ́ Eagles gbé Mahomes tó jẹ́ quarterback Chiefs ṣánlẹ̀ nígbà mẹ́fà láìrán ẹnì kan kún àwọn mẹ́rin iwájú, 40 sí 22. Ìyẹn ni pé àwọn méje yòókù dúró sẹ́yìn pẹ̀sẹ̀ wọ́n ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù. Mo wo ìyẹn títí iná fi lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti ka lẹ́tà yẹn tẹ́ ẹ sì ti ń wọn ọmọ, ẹ rọra. Lọ́dún tó kọjá àwọn kan wá sí Lókójà tàwọn ti téèpù, wọ́n wọn gíga àwọn ọmọ, wọ́n gbé wọn gorí ìwọ̀n, wọ́n gba owó fọ́ọ̀mù, wọn ò ní kẹ́nì kankan sáré, wọn ò ní kẹ́nì kankan ti nǹkan kan, a ò tíì gbúròó wọn dòní. Tẹ́nì kan bá ní òun fẹ́ mú ọmọ yín síwájú, ẹ bi í pé àlàfo mélòó lo fẹ́ kó máa ṣọ́? Tó bá ń ṣe kámikàmìkámi, ẹ mú ọmọ yín kẹ́ ẹ máa lọlé.

Ẹ sì bá mi sọ fún ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn pé ara ilé ni mo kà á sí. Tó bá gba Kàbà kọjá lọ́jọ́ Sátidé kan, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀, kó yà. Mo ti sọ fún ọmọ oníṣu pé kó fún un ní ipò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó wá dúró bí ògiri bó ṣe wí. Kó wọ bàtà tó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ dáadáa o.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.